Ilẹ̀kùn Ìlú Ọba Ń Tì: Kí Ni Èkìtì Yóò Ṣe?

Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba gbé ìwé àbá kan síwájú ilé aṣòfin wọn, nínú èyí tí wọ́n ti là á sílẹ̀ bí wọn yóò ti ṣe dín iye àwọn àlejò tí ń wọ ilẹ̀ wọn kù. Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, ọ̀ràn ilé onílé ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Adó-Èkìtì, tí ó mọ Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìdó àti Ọ̀yẹ́, yóò jẹ́rìí pé díẹ̀ ni agbo ilé tí kò ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ní òkè òkun, tàbí tí kò ní ẹni kan tí ń kó owó jọ láti lọ. Ọ̀ràn tiwa ni ọ̀ràn náà. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí a sì sọ òtítọ́ tí a rí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ korò.

OHUN TÍ ÒFIN NÁÀ WÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé àhesọ ti pọ̀ jù nídìí rẹ̀.

Èkíní ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gboyè ní yunifásítì ilẹ̀ náà. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n ti ń fún irú wọn ní àyè ọdún 2 lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti fi wá iṣẹ́ ṣe. Àwọn tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 3. Wọ́n ti pinnu pé yóò di oṣù 18 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè fún àyè náà láti ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2027. Ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn.

Èkejì ni ti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ dunjú. Títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá tó £26,200 lọ́dún lè mú àlejò wọlé. Ní oṣù náà wọ́n gbé e dé £38,700. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n gbé e dé £41,700. Ní ọjọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi àṣẹ lé e pé iṣẹ́ tí ó bá tó ipele ẹni tí ó gboyè yunifásítì ni a óò máa tìtorí rẹ̀ gba àlejò, àyàfi ìwọ̀nba iṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń ti òkè òkun lọ ṣe ìtọ́jú arúgbó.

Ẹ̀kẹta ni ti aya, ọkọ àti ọmọ. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti ìwádìí ìjìnlẹ̀ kò ti lè mú wọn dání mọ́. Láti oṣù Kẹta ọdún kan náà ni ó ti di èèwọ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó pẹ̀lú. Ẹ̀kẹrin ni ti ẹ̀tọ́ láti fìdí kalẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 wọ́n dábàá pé dípò ọdún 5 tí àlejò ti ń lò tẹ́lẹ̀ kí ó tó lè béèrè fún ẹ̀tọ́ yìí, kí ó di ọdún 10. Kí ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ipele yunifásítì di ọdún 15. Kí ti ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ga púpọ̀ jẹ́ ọdún 3. Kí dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba wọn sì dúró sí ọdún 5.

Kì í ṣe Ìlú Ọba nìkan ni ó ń ṣe báyìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Trump ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ mú onímọ̀ titun wọlé láti òkè òkun lórí ìwé àṣẹ H-1B ní láti san $100,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

ÌWỌ̀N ỌLỌ́JÀ

Ohun kan hàn gbangba nínú gbogbo èyí. Owó ni wọ́n fi ń wọn ìmọ̀. Ẹni tí ó lè gba £41,700 ni ọlọ́gbọ́n. Ẹni tí ó gba £41,000 kì í ṣe ọlọ́gbọ́n tó. Ibi tí wọ́n sì ti nílò ènìyàn jù lọ, wọ́n ṣe ìwọ̀n náà ní fífúyẹ́: iye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tí ìjọba wọn ń sanwó fún kéré sí iye tí a dárúkọ yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ mìíràn láti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti èdè ni wọ́n wí. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìtàn tàbí ní ìmọ̀ Bíbélì kò sí nínú ìpè náà. Ní ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, wọ́n dá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gboyè ní àwọn yunifásítì tí wọ́n kà sí èyí tí ó dára jù lọ ní àgbáyé. Nínú ìwé orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde, a kò rí yunifásítì Áfíríkà kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ kọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé ìwòsàn wọn lójoojúmọ́.

A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Onílé ni ó ni ilé, òun ni ó sì mọ ìgbà tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwa pẹ̀lú ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn ará wa kúrò ní Gánà ní ọdún 1969, a ké. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ, àwọn ọmọ Gánà ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ìwé. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ náà, ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2024, tí ìjọba Àpapọ̀ kéde pé ilé iṣẹ́ tí ó bá gba àjèjì síṣẹ́ yóò máa san $15,000 lọ́dún lórí ọ̀gá, àti $10,000 lórí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré sí i. Oṣù kejì rẹ̀ ni wọ́n dá a dúró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Òyìnbó nìkan ni ó mọ bí a ti ń ti ilẹ̀kùn.

Èkìtì ní pàtàkì kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àlejò onímọ̀ ṣe wá lóore. Òyìnbó ni Archdeacon Henry Dallimore, ẹni tí ó dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1933. Ta ni ó lè ka iye àwọn ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ti sọ di ènìyàn? Ẹni tí ó jàǹfààní àlejò kò gbọdọ̀ kọ àlejò. Ṣùgbọ́n kò sì gbọdọ̀ fi gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ilé ẹlòmíràn lórí. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa rí gan-an nìyí: òfin tí a ṣe fún ire onílé, ire onílé ni yóò tún yí i padà. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí ní 2021 ni ó ń tì yìí. Bí ó bá tún ṣí lọ́la, nítorí pé wọ́n nílò wa ni, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn wa.

NÍGBÀ TÍ ILẸ̀KÙN ṢÍ GBAYAWU

Ìtàn ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ wa nípa ọ̀ràn yìí, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ wa fi í sọ́kàn. Kí ó tó di oṣù Keje ọdún 1962, nígbà tí òfin tí ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí ìwé àṣẹ tí ọmọ Nàìjíríà ní láti gbà kí ó tó gbé ní Ìlú Ọba. Ẹni tí ó bá ní owó ọkọ̀ lè wọlé, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì jókòó títí ayé. Kí ni àwọn ọmọ Èkìtì ìgbà náà ṣe? Wọ́n lọ, wọ́n kàwé, wọ́n sì padà wálé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì padà sí Ìbàdàn ní ọdún 1958. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi hàn gbogbo ayé pé Áfíríkà ní ìtàn tirẹ̀ kí Òyìnbó tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gbà á ní ọdún 1955, Ìbàdàn ni ó sì ti lò ó. Kò sí òfin tí ó lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà, kò sì sí òfin tí ó fi ipá mú wọn wálé.

Òtítọ́ ni pé iye àwọn tí wọ́n lọ nígbà náà kò tó ti òde òní, àti pé kò rọrùn fún aláwọ̀ dúdú láti rí yàrá gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n nílé. Yunifásítì ti wà ní Ìbàdàn láti 1948. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ sì di ohun tí a ń fi àtùpà wá. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dé ní 1959. Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ní 1962. Ẹni tí ó bá padà wálé mọ̀ pé òun yóò rí àga jókòó, pé òun yóò rí owó òun gbà ní òpin oṣù, àti pé ohun tí òun kọ́ kò ní jẹrà mọ́ òun lórí.

Nígbà wo ni nǹkan yí padà? Nígbà tí àga náà fọ́ ni. Láti ọdún 1986, tí ìjọba ológun mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé wá, tí iye náírà sì já wálẹ̀, owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n di ohun ẹ̀rín. Ìwé kò sí nínú ilé ìkàwé mọ́, oògùn kò sí ní ilé ìwòsàn, ìyanṣẹ́lódì sì di àṣà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí wọ́n tún tú iye náírà sílẹ̀, ọgbẹ́ náà jinlẹ̀ sí i. A rí i nígbà náà pé nígbà tí ilẹ̀kùn Ìlú Ọba ṣí gbayawu, àwọn ọmọ wa ń bọ̀ wálé. Nígbà tí ó sì ń tì, wọ́n ń fi èjìká ti ara wọn láti wọlé. Kì í ṣe ilẹ̀kùn wọn ni ó yẹ kí a máa wò. Ilé tiwa ni.

A KÌ Í FI OKÙN DE ỌLỌ́GBỌ́N

Àwọn kan nínú àwọn aṣòfin wa rí ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n okùn ni wọ́n mú dání. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, ọdún 2023, àbá òfin tí Ọ̀gbẹ́ni Ganiyu Johnson láti Ìpínlẹ̀ Èkó gbé wá kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ohun tí ó wí ni pé dókítà tí a kọ́ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé fún ọdún 5 kí ó tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ pérépéré. Àwọn dókítà fárí gá, àbá náà kò sì di òfin nígbà náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 kí wọ́n tó lè bá a jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn.

A mọ ohun tí ó bí irú àbá báyìí. Ní ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé àwọn dókítà tí wọ́n ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7 lé ní 16,000, àti pé owó tí a fi ń kọ́ dókítà kan ju $21,000 lọ. Owó ta ni? Owó àgbẹ̀ tí ń ta kòkó ní Ìjerò ni, àti owó ìyá tí ń ta iṣu ní ọjà Ọba ní Adó. Bí ọmọ ìyá náà bá sì ṣàìsàn ní òru, ó lè dé ilé ìwòsàn kí ó bá ìlà gígùn àti dókítà kan ṣoṣo tí kò tíì sùn láti àná. Ìyá náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, níbo ni dókítà tí mo bá wọn san owó rẹ̀ wà?

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n okùn kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tí a fi ipá dá dúró, ara rẹ̀ ni ó dúró, ọkàn rẹ̀ ti lọ. Òfin tí ó de dókítà nìkan, tí kò de òṣèlú tí ń lọ tọ́jú ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kò sì ní ojú rere níwájú ẹnikẹ́ni. Àdéhùn yàtọ̀ sí ìdè. Bí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì bá sọ fún ọmọ tí ó lórí pípé pé, “A óò san owó ẹ̀kọ́ rẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn; ìwọ náà yóò sì bá wa ṣiṣẹ́ ní Ìlawẹ̀ tàbí ní Ọmùò fún iye ọdún báyìí, ilé àti owó oṣù rẹ nìyí,” tí ọmọ náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Èyí ni ọ̀nà tí ó tọ́.

Ó sì yẹ kí a bá Ìlú Ọba sọ̀rọ̀ láìfòyà. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sí àárín orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá kó ènìyàn níbẹ̀. Ìlú Ọba gba ìlànà yìí wọlé. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dá ara rẹ̀ lọ béèrè iṣẹ́ kò rí ìdènà. Bí wọn yóò bá máa gba dókítà tí Èkìtì kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa kọ́ méjì mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò kan lórí ìrìnnà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ètò náà wà fún irú àdéhùn báyìí. Kí ó má ṣe di ìwé tí eku yóò jẹ nínú àpótí.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ÒBÍ ÀTI OLÙKỌ́

Nísinsìnyí, a ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tí ń fi owó ránṣẹ́ sílé sì ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ró ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Bàbá tí yóò ta oko kòkó, olùkọ́ tí yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ọmọ lè lọ kàwé fún ọdún kan ní Ìlú Ọba, kí ó mọ̀ pé ọmọ náà, bí ó bá béèrè fún àyè rẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027, oṣù 18 péré ni yóò ní láti wá iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó ohun tí òfin béèrè. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé láti ọjọ́ 8, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ titun ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbèsè kò mọ òfin. Ìgbà tí òun bá pé ni yóò kan ilẹ̀kùn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ra fún àwọn alágbàtà físà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ kó owó wá kí òun bá yín gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ilé lọ sí Ìlú Ọba, ẹ rántí ohun tí a wí nípa ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025. Kò sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fún yín. Iṣẹ́ ńlá nìyí fún àwọn olùkọ́ wa. Ẹ̀yin ni àwọn òbí máa ń kó ìwé wá fún láti kà. Ẹ kà á fún wọn bí ó ti rí.

OHUN TÍ Ó KÙ SỌ́WỌ́ WA

Orísun ìmọ̀ ni à ń pe Èkìtì. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996 ni a dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti Olóyè Afe Babalola wà níbẹ̀, Pólì Àpapọ̀ wà níbẹ̀; ti ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́, ti ẹ̀kọ́ olùkọ́ wà ní Ìkẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ni sì wà ní Adó àti ní Ìdó. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò ní ibi tí a ti ń pọn omi. Ohun tí a kò ní ni ìkòkò tí yóò gba omi náà dúró.

Nítorí náà ni a ṣe ń sọ fún àwọn tí ń ṣe ìjọba àti àwọn tí ń fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà, pé ohun tí a óò máa bi wọ́n kò pọ̀. Ṣé owó oṣù olùkọ́ àti dókítà ń wọlé ní àkókò, ó sì ń tó jẹun? Ṣé iná wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ ní òru? Ṣé ọmọ tí ó gboyè pẹ̀lú ipò kìíní lè rí iṣẹ́ gbà láìmọ ẹnikẹ́ni? Ṣé ilé ìmọ̀ ẹ̀rọ titun tí wọ́n ń pè ní Ekiti Knowledge Zone yóò fún àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ tí wọn yóò jókòó sí Adó máa fi bá gbogbo ayé ṣòwò, àbí ògiri lásán ni yóò jẹ́? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má ṣe fi orin àti aṣọ ẹgbẹ́ pa àwọn ìbéèrè wọ̀nyí rẹ́. Ẹni tí ẹ bá dìbò fún, ẹ mú un ní ọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lọ́hùn-ún náà ní ipa láti kó. Ẹni tí kò tíì lè padà wálé lè wá kọ́ni fún oṣù mẹ́ta, ó lè jókòó sí ibẹ̀ kí ó máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sì lè tọ́ ọ̀dọ́mọdé oníṣègùn kan sọ́nà. Kí àwọn yunifásítì wa má ṣe fi ìwé àti ìdúró níwájú ọ́fíìsì lé irú wọn sẹ́yìn.

Àwọn àgbà wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n lọ kò kórìíra ilé. Ilé ni ó ṣòro fún wọn láti gbé. Ìlú Ọba lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tàbí kí ó ṣí i bí ó bá ti wù ú. Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni ilẹ̀kùn Èkìtì, kí a má ṣe fi okùn dè é láti inú, kí a sì má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó bá padà dé bá yàrá òfìfo. A ti ṣe é rí láàárín ọdún díẹ̀, pẹ̀lú owó kòkó, nígbà tí àwọn tí ń ṣe ìjọba mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. A lè tún un ṣe.